Lẹ́tà sí Màámi, Aláró Ìtòkú tó ń Múra Ìrìnàjò Fẹ́ẹ̀sì

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ẹ pè mí, tí ẹ ní, "Mo fẹ́ lọ kí Ṣéù Tíjánì fún bàbá yín kí ọlọ́jọ́ tó dé," mi ò rí oorun sùn dáadáa mọ́. Inú mi dùn púpọ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo mọ ìlú Fẹ́ẹ̀sì, níbi tí sàréè Ṣéù tó dá ọ̀nà Tìjáníyà inú Ìsìláàmù tí Bàámi ń tẹ̀ lé sílẹ̀ wà, mo sì mọ orúnkún yín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ yín lè máa kà á fún yín díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ ẹlòmíì tí ìyá tiẹ̀ náà ń gbèrò irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ bá rí i, kó bá wa kà á.

Màámi, Fẹ́ẹ̀sì kò dà bíi Mẹ́kà. Nígbà tí ẹ lọ sí Mẹ́kà, àwọn ajẹ́ntì ló kó yín lọ, bọ́ọ̀sì gbé yín, ẹni tó mọ̀nà ń gbé àsíá níwájú. Ní Fẹ́ẹ̀sì ti Mòrókò, mọ́tò kankan kì í wọ àwọn ọ̀nà tóóró inú ìlú àtijọ́. Ọdún 789 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlú náà dó, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n sì fi wọn ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀nà tóóró inú rẹ̀ tó 9,000. Mo gba ibì kan tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi wọlé, èjìká mi méjèèjì ń kan ògiri. Inú kòtò ni ìlú náà sì wà, bí ẹni tó jókòó sínú abọ́. Láti ẹnubodè Bab Boujloud lókè, ọ̀nà ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ títí dé etí odò. Ẹ rò ó bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ láti Olúmọ wá sí Ìtòkú, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ọ̀hún kò tán bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ní láti gun òkè padà lálẹ́.

Ohun tí mi ò rò nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ. Mo gba yàrá sí òkè, lẹ́bàá ẹnubodè, torí owó ibẹ̀ rọjú. Ọjọ́ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn títí, nígbà tí mo fẹ́ padà sílé, mo ṣìnà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi dúró, ó ní wọ́n ti ti ọ̀nà tí mo dojú kọ, kí n tẹ̀ lé òun. Ó mú mi yí, ó mú mi yí, ó já mi sí ṣọ́ọ̀bù oníbáàgì aláwọ kan. Wọ́n fi tíì bò mí, wọ́n kó báàgì lé mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo jáde láìra nǹkan, ọmọ náà dúró dè mí lóde, ó ní kí n san owó ẹsẹ̀ òun. Ohùn rẹ̀ yí padà. Mo fún un ní 200 dírámù pẹ̀lú omijé lójú. Lọ́jọ́ kejì mo gba ojú ọ̀nà tó ní wọ́n tì: gbayawu ló ṣí sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé wọ́n ti ti ọ̀nà, a ó kí i, "Shukran," ìyẹn "ẹ ṣé," a ó sì máa lọ. Bí a bá ṣìnà, ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sínú ìsọ̀ tirẹ̀ la ó ti béèrè. Kò ní fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé wa.

Orúnkún yín ni mo fi ń ṣètò ohun gbogbo. Ìsàlẹ̀ la máa dé sí. Gbàgede kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní R'cif, takisí pupa kéékèèké ìlú náà máa ń dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Seffarine, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ti ń lu ìkòkò gbàgà-gbàgà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ̀yin ò ní gbé ẹrù kankan. Àwọn ọkùnrin ń dúró pẹ̀lú ọmọlanke ní R'cif, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Mo ti ń bá ilé kan sọ̀rọ̀ tó ní yàrá nísàlẹ̀, torí àtẹ̀gùn àwọn ilé ibẹ̀ ga, ó sì ń yọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yàrá òkè rírẹwà tàn yín.

Oṣù Kẹrin tàbí oṣù Kẹwàá ni mo fọkàn sí. Bí ooru ọdún bá mú níbẹ̀, ó máa ń kọjá ìwọ̀n 40. Ní òpin ọdún, òtútù inú àwọn ilé olódù yẹn ju ọyẹ́ tiwa lọ fíìfíì. Físà àti tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni n óò bá wọn fà á. Bàálù ń lọ tààrà láti Èkó sí Casablanca, a ó wá wọ ọkọ̀ ojú irin fún bíi wákàtí mẹ́rin.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ kí a pẹ́ jù lọ ní Sáwíyà, mọ́sáláṣí tí sàréè Ṣéù wà. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ máa ń tì lọ́jọ́ náà, ọ̀nà á sì dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé Àlgéríà ni wọ́n ti bí Ṣéù, ní Ain Madhi. Ọdún 1798 ló wá fìdí kalẹ̀ sí Fẹ́ẹ̀sì, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1815. Ní àdúgbò Blida ni Sáwíyà wà. Nígbà tí mo wọlé, mo gbọ́ èdè Haúsá, mo gbọ́ èdè àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó, ẹnìkan tó wà lẹ́yìn mi sọ pé, "Ẹ rọra o, omi wà nílẹ̀." Yorùbá! Ìyá arúgbó kan láti Ìlọrin ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bàámi ni mo rántí, àti aṣọ funfun tó máa ń tẹ́ sáàárín pálọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ṣe wàsífà, síkírì àwọn Tìjáníyà, tí àwa ọmọdé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ó jókòó níbẹ̀, ẹ ó sì ṣe síkírì títí Màgàríbì á fi dé, bí Bàámi ṣe máa ń ṣe ní mọ́sáláṣí wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ lórí fóònù dùn mí. Ẹ ní, "Èmi fúnra mi ò ní nǹkan tí mo ń wá níbẹ̀." Màámi, ẹ ní in.

Títí tí mo fi wọ ilé ìwé gírámà, ọwọ́ yín dúdú fún aró títí dé ìgúnpá. Owó aró yẹn ló rán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwèé. Ní Fẹ́ẹ̀sì, àdúgbò kan wà létí odò tó jẹ́ ti àwọn aláró, ọ̀nà kékeré kan tí omi aláwọ̀ ń ṣàn gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Mo rí ọkùnrin àgbà kan níbẹ̀. Ó fi igi gbé òwú sókè láti inú ìkòkò, ó dúró kí omi rẹ̀ kán, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún rì í padà. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ni mo rí! Bí ẹ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn lẹ́yìn ilé, tí ẹ kì í jẹ́ ká bá yín sọ̀rọ̀ nígbà náà.

Lẹ́bàá ibẹ̀ ni Chouara wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ. Láti orí òrùlé lèèyàn ti ń wò ó: kòtò olókùúta tò sára wọn bí afárá oyin, àwọn ọkùnrin wọ inú rẹ̀ dé itan. Ẹfun òkúta tí wọ́n sun ni wọ́n fi ń bọ́ irun ara awọ, ìgbẹ́ ẹyẹlé ni wọ́n sì fi ń mú kó rọ̀. Wọ́n máa ń fún àlejò ní ewé míńtì kó fi dí imú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi omi eérú àti ẹ̀lú ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún, ẹ ò ní béèrè ewé. Ẹ sì gbọ́: ọ̀pọ̀ nínú awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn Òyìnbó ń pè ní awọ Mòrókò láyé àtijọ́, ilẹ̀ Haúsá, ní Kánò àti Sókótó, ni wọ́n ti ṣe é, tí ràkúnmí rù ú kọjá aṣálẹ̀.

Mọ́sáláṣí ńlá Qarawiyyin náà, obìnrin ni ìtàn sọ pé ó dá a sílẹ̀ ní 859, Fatima al-Fihri, ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Kairouan. Ogún bàbá rẹ̀ ló ná sórí rẹ̀. A ó kírun níbẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ ẹ̀wà kan, bissara, tí wọ́n ń bu òróró ólífì sí lórí. Gbẹ̀gìrì ni ẹ ó pè é. Kò ní ata, ẹ bá wa gbo ata gbígbẹ díẹ̀ dání. Tíì wọn ló bà mí lẹ́rù nítorí ṣúgà yín. Bí wọ́n bá ti gbé e dé, ẹ sọ pé, "Bla sukkar," ìyẹn "láìsí ṣúgà." Bí ẹ bá sì gbọ́ "Bálàk!" lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà, ẹ má wẹ̀yìn, ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù ló ń bọ̀, kì í dúró.

Bàtà tó ní ìdí rírọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Tẹ̀sùbáà Bàámi, ẹ má fi sínú àpótí ńlá; inú àpò ọwọ́ yín ni kó wà. Lábẹ́ gbogbo aṣọ inú àpótí pákó yẹn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tí ẹ ya Ìbàdàndùn sí. Ẹ bá mi mú un dání. Mo fẹ́ kí ẹ tú u sílẹ̀ níwájú bàbá aláró yẹn létí odò, kí òun náà yí i sí ìmọ́lẹ̀ wò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbíkẹ́yìn