Oníṣúgà tó fẹ́ gbààwẹ̀

Sí Olóòótú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn lèmọ́mù, pásítọ̀ àti wòlíì ilẹ̀ Rẹ́mọ létí kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fẹ́ kí ààwẹ̀ kọjá lórí òun, mi ò sì bá a wí. Bí gbogbo ilé bá jí sàárì tí òun nìkan sùn sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò sì tíì ní àlàáfíà. Dókítà tó bá kàn ní "má gbààwẹ̀", tí kò ṣàlàyé, ńṣe ló ń kọ́ aláìsàn láti fi ààwẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún un. Yóò gbà á ní kọ̀rọ̀, yóò sì máa lo oògùn rẹ̀ bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ wo glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Daonil. Oògùn yìí ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun, agbára rẹ̀ sì lè wà lára fún odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó gbé e mì ní sàárì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́sàn-án. Òógùn tútù á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi ní lórí mọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé àdúrà, wọ́n lè ní ẹ̀mí ló gùn ún, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Wọ́n á da òróró sí i lórí, wọ́n á yí i ká, nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà ni ọpọlọ rẹ̀ ń pè. Bó bá pẹ́, gìrì lè mú un, ó sì lè kú.

Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin sómi fún un, bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá tíì tó 70 (mg/dL), ẹ tún fún un, lẹ́yìn náà kó jẹun gidi. Ẹni tó ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, torí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Bó bá jẹ́ glibenclamide ló lò, kó má tìtorí pé ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ padà sílé; ṣúgà náà tún lè já lóru.

Ẹ̀sìn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbí. Súrátul-Bákárà, ẹsẹ̀ 184 àti 185, yọ̀ǹda aláìsàn: kó san án padà nígbà tára bá yá, ẹni tí kò sì lè gbà á rárá, kó bọ́ tálákà. Ọ̀pọ̀ àáfà onímọ̀ ló gbà pé gígún ìka láti yẹ ṣúgà wò kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Nínú Aísáyà 58, ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kéèyàn pín oúnjẹ rẹ̀ fún ẹni tébi ń pa. Pásítọ̀ tó bá kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, àtorí pẹpẹ náà ni kó ti dárúkọ irú àwọn tí kò kàn, kójú má ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú Ràmàdáànì ló yẹ kí aláìsàn lọ rí dókítà. Wọ́n lè fi oògùn mìíràn rọ́pò glibenclamide. Ẹni tó ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà mìíràn, oní mílígíráàmù 500, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n sábà máa ń ní kó lo méjì ní ìṣínu, kó lo ẹyọ kan ní sàárì. Abẹ́rẹ́ insulin ní tirẹ̀, kí aláìsàn má fọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù. Aboyún tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, àti ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já débi ìdákú láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n má gbà á rárá.

Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà ti wá sábẹ́ 70 tàbí pé ó ti kọjá 300, kí aláìsàn ṣínu lójú ẹsẹ̀, kódà bó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pèrun mùgùríbì. Kí sàárì pẹ́ títí di ìdájí, kó sì jẹ́ ẹ̀wà ju gààrí lọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ̀rù àti Òdè Rẹ́mọ ní páálí ṣúgà kan àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò nítòsí, kí wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń bójú tó èrò bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nọ́ọ̀sì kan,
Ṣàgámù