Ó Já Wa Kulẹ̀, Kò Já Wa Láyà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí lójú ewé àwọn òǹkàwé, ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ́rọ̀ yìí ti ń dùn mí.

Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí pé àwọn ọmọ ìwòyí ò kàwé mọ́, pé fóònù ti gba ojú wọn. Mo kà á, mo tún un kà, mo ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tèmi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń kàwé dáadáa. Ìwé ló já a kulẹ̀, òun kọ́ ló sá fún ìwé.

Kúbwà ní Abuja la ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì témi àtọmọ yìí ti jọ ń wo eré tẹlifíṣọ̀n kan, eré àwọn òyìnbó, àwọn èèyàn inú ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ń rìn láti ìràwọ̀ kan dé ìràwọ̀ kejì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò bá eré yẹn jà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Tí wọ́n bá múná lọ bá a ṣe ń wò ó lọ́wọ́, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì lépo, àwa méjèèjì á jókòó sínú òkùnkùn, a ó máa jiyàn ohun tó máa ṣẹlẹ̀, òun á ní ọ̀gá ọkọ̀ yẹn máa kú, èmi á ní kò ní kú, ìyá ẹ̀ á máa pariwo láti yàrá pé ṣé ẹ ò ní sùn ni. Ìgbọ́kànsókè yẹn dùn mọ́ wa ju eré gan-an lọ nígbà míì. Nígbà tí apá kẹta wá parí, tí wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀ ká tó rí apá kẹrin, ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìgbà yẹn la gbọ́ pé ìwé wà, nọ́fẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ látinú eré yẹn, àwọn èèyàn yẹn náà, ọkọ̀ yẹn náà, ìtàn tuntun tó bọ́ sáàárín apá kẹta àti apá kẹrin.

Mo wá a títí. Mi ò rí i ní Wúsè, mi ò rí i ní Gàríkì, ìgbà tó yá ẹnì kan bá mi rà á wá láti Èkó, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà, mi ò sì ká a sí pé ó wọ́n. Mo fún un lọ́jọ́ ìbí ẹ̀. Ó pariwo ayọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò wa yọjú wá wò wá.

Lọ́jọ́ kẹrin mo rí ìwé náà lábẹ́ àga. Bébà tó fi ṣàmì sí i ò kúrò ní ojú ewé 71. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Dádì, kò sóhun tó máa ṣe wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo gbé ìwé náà, mo kà á látòkè délẹ̀, ojú ewé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, níbi tí gósíló bá ti mú wa ní Berger, títí mo fi kà á tán. Ọmọ yẹn ò parọ́.

Ẹ wò ó. Bí èèyàn bá dé nǹkan bí ojú ewé ogójì, ẹ̀rọ tó ń ṣe afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí nínú ọkọ̀ bàjẹ́. Wọ́n ní wákàtí mẹ́fà péré ló kù fún gbogbo wọn. Mo gbá ìwé mú, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dé nìyẹn. Ojú ewé mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjíníà wọn rántí pé ẹ̀rọ míì wà nínú àpótí kan, ó gbé e jáde, ó so ó mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ dé. Ó tán. Kò sẹ́ni tó làágùn, kò sẹ́ni tó kanra mọ́ ẹnì kejì ẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí ìyá ẹ̀ nílé, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó gbìyànjú ohun kan tí ohun náà kọ̀ tó fi ní láti wá ọgbọ́n míì dá. Àpárá ni wọ́n ń dá. Àpárá tí wọ́n máa ń dá nínú eré náà ni, gbólóhùn tí ọ̀gá ọkọ̀ máa ń sọ, bí dókítà ọkọ̀ ṣe máa ń dá a lóhùn, òǹkọ̀wé yìí kó gbogbo ẹ̀ wá, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí alága ìdúró ṣe ń pe àwọn èèyàn pàtàkì níbi ìgbéyàwó, ó pè wọ́n tán, kò rán wọn níṣẹ́ kankan.

Àlejò kan tún wà tó wọ ọkọ̀ wọn. Nínú eré, irú àlejò bẹ́ẹ̀ wọlé rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń fura sí i, èmi ní amí ni, ọmọ mi ní rárá, ẹni tó ń wá ọmọ ẹ̀ tó sọnù ni, a ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ títí dọjọ́ tó kẹ́yìn. Nínú ìwé yìí ńkọ́? Ojú ewé tí àlejò náà fi wọlé ni òǹkọ̀wé ti bá wa wọnú ọkàn ẹ̀ lọ tó sọ fún wa pé amí ni. Mo ní ó dáa, bóyá àwa nìkan ló fẹ́ ká mọ̀, bóyá àwa la máa wà níta tá a máa máa pariwo pé ẹ má jẹ́ kó wọ yàrá ẹ́ńjìnnì o, ìyẹn náà ì bá já ni láyà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà wò ó lójú, ó mọ̀ pé amí ni, wọ́n dè é mọ́ àga kí orí ìwé yẹn tó parí. Mo kà wọ́n, orí ìwé mẹ́sàn-án ló parí síbi tẹ́nì kan ti lọ sùn. Èwo ni èmi òǹkàwé á ṣe bí kì í ṣe kémi náà lọ sùn?

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ tó mọ̀ nípa irú ìwé wọ̀nyí dáadáa ní kí n má dá òǹkọ̀wé lẹ́bi, pé wọ́n ti dè é lọ́wọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni eré ló ni àwọn èèyàn inú ẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí ìwé jáde láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ìtàn náà wò tí wọ́n fọwọ́ sí i. Òǹkọ̀wé ò lè pa ọ̀gá ọkọ̀, kò lè fún un níyàwó, kò lè gé e lápá, torí apá kẹrin ń bọ̀, nǹkan sì gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà kí ìwé tó parí. Ó ní kí n wo ti fíìmù Star Wars, pé ọdún 1999 ni wọ́n pa Chewbacca, òmìrán onírun yẹn, nínú ìwé kan, inú bí àwọn olólùfẹ́ eré náà burúkú burúkú, ó di 2014 àwọn tó ni Star Wars ní gbogbo ìwé ìtàn tí wọ́n ti ń kọ bọ̀ látẹ̀yìn wá ò sí lára ìtàn gidi mọ́, ni Chewbacca bá tún jí. Ọ̀rẹ́ mi ní ta ló máa fi ọkàn kọ̀wé tí wọ́n lè pa rẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo gbọ́, àmọ́ mi ò gbà. Pé a mọ̀ pẹ́nì kan ò ní kú kò ní kí àyà wa má já. Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ̀ pé ikùn Ìjàpá máa wú tó bá jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo? Ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà ni mo ti mọ ìparí ẹ̀, síbẹ̀ tí Ìjàpá bá ti ń ṣí ìkòkò yẹn wò lójú ọ̀nà, tó ní òun kàn fẹ́ gbóòórùn ẹ̀ ni, gbogbo wa á dákẹ́ lọ gbári.

Ẹ jẹ́ n fi ti Òkè Ọya níbí ṣe àpẹẹrẹ, torí èyí gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Lọ́jọ́ ogún oṣù Kejì ọdún 1962, John Glenn, ará Amẹ́ríkà, yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkọ̀ òfurufú kótópó kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló gbà. Kò sí bí ibì kan ṣoṣo ṣe lè máa gbóhùn ẹ̀ títí, torí náà wọ́n kó ẹ̀rọ ìgbóhùn sí oríṣiríṣi ibi káàkiri ayé, Kánò wa yìí wà lára wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á fi gbọ́ ọ ní Kánò, á tún kọjá lọ, wọ́n á gbọ́ ọ ní Zanzibar. Ní ìyípo kejì, àmì kan hàn lórí ẹ̀rọ àwọn tó wà nílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ìbora tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà ti tú. Ìbora yẹn ló sì máa gbà á lọ́wọ́ iná tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, torí ooru ibẹ̀ máa yọ́ irin. Kò sẹ́ni tó lè yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Wọn ò kọ́kọ́ sọ fún un, wọ́n kàn ń ní kó tẹ bọ́tìnnì yìí, ṣé ó gbọ́ ariwo kankan, títí òun fúnra ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Àpò rọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n dè mọ́ orí ìbora yẹn, ó yẹ kó jù ú nù kó tó wọnú afẹ́fẹ́ ayé padà, wọ́n ní kó má jù ú nù o, bóyá okùn ẹ̀ máa di ìbora yẹn mú. Ó wọlé. Rédíò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kò gbọ́ wọn, wọn ò gbọ́ ọ, ó ń wo ojú fèrèsé, nǹkan tó ń jó ń fò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ̀ bóyá àpò yẹn ni tàbí ìbora tó gbé ẹ̀mí ẹ̀ dúró.

Mo sọ ìtàn yìí fọ́mọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí ò síná. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mo ti mọ̀ọ́mọ̀ sọ fún un pé ọkùnrin náà ò kú, pé ó padà di sẹ́nétọ̀, pé ó tún lọ sí òfurufú ní 1998 nígbà tó ti di ọmọ ọdún 77, pé 2016 ló tó kú lẹ́ni ọdún 95. Ó mọ gbogbo ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ibi tí rédíò ti dákẹ́, apá mi ló dì mú, ó ní Dádì, ẹ má dúró níbẹ̀. Mo wá sọ fún un pé ìbora yẹn ò tú rárá, bọ́tìnnì kan tí ò dáa ló ṣe irọ́ yẹn fún wọn, ó mí kanlẹ̀.

Ẹ wo iye nǹkan tó wà nínú ìtàn yẹn tí ò sí nínú nọ́fẹ́ẹ̀lì mi olówó gọbọi. Àwọn kan mọ ohun tẹ́nì kan ò mọ̀. Àkókò ń lọ. Ìpinnu wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe láìrídìí ọ̀rọ̀, tí wọ́n bá ṣì í, àwọn ló máa gbé e dé sàréè. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tí iléeṣẹ́ tó ni eré máa ní kí òǹkọ̀wé má kọ. Bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ṣe kọ ọ́, torí ó mọ̀ pé àwa tá a fẹ́ràn eré náà máa ra ìwé yẹn bó ti wù kó rí. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ìfẹ́ tọ́mọ mi ní sí eré yẹn ni wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín rèé, ẹ̀yin olóòtú. Ìwé ìròyìn Yorùbá ló kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó, ìtàn àròsọ ni, àmọ́ bó ṣe ń bọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àwọn èèyàn gbà pé obìnrin náà wà láàyè, pé ó ń kú lọ, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí ẹ̀. Àkàrà-Oògùn inú ìwé Fágúnwà ní 1938 náà, ó ń sọ díẹ̀, á dìde, á ní ó dọ̀la, ilẹ̀ á mọ́, èrò á pọ̀ ju tàná lọ. Ẹ fún wa ní ìtàn sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá, ojú ewé kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ dá a dúró níbi tó ń dunni.

Kẹ́ ẹ má sì sọ pé kò sí nǹkan tá a máa kọ. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwádìí òfurufú àti sátẹ́láìtì wà ní Lúgbẹ̀ níbí, lọ́nà ẹ́ápọ̀ọ̀tì, a sì ń gbabẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. NigComSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún 2007, iná tán lára ẹ̀ lókè ọ̀run ní oṣù Kọkànlá 2008, ó di oṣù Kejìlá 2011 kí wọ́n tó rán òmíràn rọ́pò ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó kú. Àmọ́ ẹ ro ti ẹ́ńjíníà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà.

Ọmọ mi ti ro ó. Ó ti kọ ojú ewé méjì, kì í ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Lúgbẹ̀, ó rí nọ́ńbà tó ń wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó pe ọ̀gá ẹ̀, fóònù dún títí, wọ́n wá gbé e, àmọ́ kì í ṣe ohùn ọ̀gá ẹ̀ ló gbọ́. Ibẹ̀ ló dúró sí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó sọ ẹni tó gbé fóònù yẹn fún mi, ó ní ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Kúbwà, Abuja.