Ẹ̀yin Òbí Ọmọ Oníbáskẹ́ẹ̀tì, Ẹ Yéé Fowó Ra Ayò Lọ́wọ́ Ọmọ Yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi tí ojú àwọn òbí á ti tètè tó o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 3 ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, básíkẹ́ẹ̀tì, nínú ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ìdíje bá wà, mo máa ń fa ìsọ̀ lé àbúrò mi lọ́wọ́, n ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn tó ń kọ ayò sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ibòji wà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ òfin eré náà. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí ohun tó ń bí mi nínú.

Ọ̀rọ̀ owó ni. Bàbá kan á dúró lẹ́bàá pápá, á na ẹgbẹ̀rún kan náírà sókè, á ní, "Èyíkéyìí tóo bá jù wọlé, ẹgbẹ̀rún kan ni!" Ìyá mìíràn á gbọ́, á ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni tòun. Ariwo á sọ, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín, àfi bíi pé òde àríyá la wà, tí wọ́n ń náwó fún onílù.

Ẹ wá wo ohun tí owó yìí ń ṣe nínú eré. Ènìyàn márùn-ún ló ń ṣeré ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ yín, ìṣẹ́jú àáyá 24 lẹ ní láti fi jù ú sí ríìmù, irin róbótó tí wọ́n so àwọ̀n mọ́. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 24 yẹn, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ rìn, kó tọwọ́ eléyìí bọ́ sọ́wọ́ tọ̀hún, títí ẹnìkan á fi ráyè lábẹ́ àwọ̀n. Ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí owó fún kì í jẹ́ kó rìn. Á gbé e, á máa gbá a nílẹ̀ lọ, á forí lé àárín ọmọ mẹ́ta tó ga jù ú lọ, á sì jù ú láti ibi tí kò ti lè wọlé láéláé. Èkejì rẹ̀ tó dá dúró lábẹ́ ríìmù, tó na ọwọ́ méjèèjì, kò ní fojú kan bọ́ọ̀lù.

Ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi ara dènà kí ẹlòmíràn lè ráyè jù, kó sì fò mú bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin. Ó lè ṣeré látìbẹ̀rẹ̀ dópin kó má ju ẹyọ kan wọlé, síbẹ̀ òun ni kóòṣì kì í fẹ́ yọ. Ta ló ń na ẹgbẹ̀rún kan sókè nítorí tirẹ̀? Mo gbọ́ tó ń bi ọmọ mi léèrè pé, "Bí mo bá páàsì fún ẹ, tóo jù ú wọlé, ṣé o máa fún mi nínú ẹ̀?" Kò fi ṣe àwàdà rárá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti ń ṣírò kọmíṣọ̀n.

Àwọn kan á ní ìwúrí ni, pé owó ló ń mú ọmọ taápọn. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn D'Tigress wa nígbà náà, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà. AfroBasket, ife básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà, ti 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, àwọn ló gbà á, márùn-ún léra wọn. Ní Paris lọ́dún 2024, wọ́n na Ọsirélíà 75 sí 62, wọ́n na Kánádà 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé kọ́tà fáìnà ìdíje Òlíńpíìkì. Nígbà tí wọ́n gba AfroBasket 2025 ní Abidjan, tí wọ́n padà dé, Ààrẹ Tinubu ṣèlérí owó náírà tó tó $100,000 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ni o! Kò sẹ́ni tó jókòó ka iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan jù wọlé kó tó pín in. Ẹni tó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì àti ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé jù, iye kan náà ni wọ́n ní kí wọ́n fún wọn.

Ariwo wa náà ti pọ̀ jù. Kóòṣì ní kí wọ́n sá padà wá dènà, bàbá ní "Jù ú!", ìyá ní "Má fún un!" Ọmọ á wo kóòṣì, á wo bàbá, kó tó mọ èyí tí yóò ṣe, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ti kọjá lọ. Ẹni tí ẹ sì ń bú ní rẹfirí yẹn, ọmọ ẹlòmíràn ni, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì jáde yunifásítì. Fáwù márùn-ún ni òfin fún ẹnìkan kó tó jáde. Bàbá kan ò gbà pé ti ọmọ òun ti pé, ó wọ inú pápá lọ pẹ̀lú sálúbàtà. Ojú ti ọmọ náà ju bàbá rẹ̀ lọ.

Bí agbára bá ṣì wà lára wa láti ṣe nǹkan, iṣẹ́ wà nílé. Ẹ fún ọmọ lóúnjẹ ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú eré, kó tó dà. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dáa ju kó mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lásán lọ. Ẹ bá a wá kánfáàsì tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Òkìríkà ni mo rà fún tèmi, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n mo yí i padà wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí èyí tó ti dán máa ń yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ló sì máa ń gbà á. Ẹ̀yin ìyá ọmọbìnrin, ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ dirun fún un lọ́jọ́ eré, ẹ yọ yẹtí pẹ̀lú. Òfin kò gbà á, a ó kàn jókòó máa tú ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré.

Ti orúnkún nìyí. Ọmọ tó ń yára ga, tó sì ń fò lójoojúmọ́, ìrora lè máa bá a lábẹ́ orúnkún, níbi egungun tó yọ síta díẹ̀. Egungun ń gùn, iṣan ń fà á. Kì í ṣe ọ̀lẹ, aráyé kọ́ ló sì mú un lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ ìsinmi àti yìnyín. Bí kò bá lọ, ó di ọsibítù. Ẹ má kàn fi àbóníkí pa á, kẹ́ ẹ tún fún un ní oògùn ìrora kó lè ṣe fáìnà.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Ríìmù àgbàlagbà ga ní mítà 3.05. Ti àwọn ọmọ ọdún méjìlá sísàlẹ̀, mítà 2.60 ni wọ́n là kalẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù náḿbà 5. Ṣùgbọ́n ríìmù àgbà ni mò ń rí tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń ju náḿbà 7, bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin àgbà, sí, tí yóò fi gbogbo ara jù ú, tí kò sì ní dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ á ní kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀, Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, gólì ló ń ṣọ́, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló sì ń gbá, ó ti ń di géńdé kó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Òun náà ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú ṣáájú gbogbo ènìyàn ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, tó sì bá wọn gba ife NBA ní 1994 àti 1995. A gba àlejò gbogbo Nàìjíríà ní Gateway Games, ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀, oṣù karùn-ún ọdún 2025. Pápá MKO Abiola ní Kútọ̀ gbàtúnṣe, ojú wa rí i. Ó ku ríìmù kékeré sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Irin àti pátákó ni, wẹ́dà àdúgbò lè jó o.

Ti àwọn tó ń gé ọjọ́ orí ọmọ, tí irùngbọ̀n ti hù lójú ọmọ tí wọ́n ní kò tíì pé mẹ́rìndínlógún, mi ò ní sọ púpọ̀. Wọ́n mọ ara wọn.

Àwa ìyá mélòó kan ti gbé páálí kan sórí tábìlì akọ̀wé. Ẹni tó bá na ẹgbẹ̀rún kan sókè, kó wá jù ú síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù náḿbà 6 méjì la kọ́kọ́ fẹ́ rà fún àwọn ọmọbìnrin wa, torí èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò ti bó débi pé kò ṣeé dì mú. Bàbá tí ohùn rẹ̀ ga jù láàárín wa ti mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá. Ó ní ṣùgbọ́n ká kọ orúkọ ọmọ òun sára bọ́ọ̀lù náà. A ò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá aládìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.