Lẹ́tà sí Délé lórí owó ẹ̀wà àti gàrí

Ìsánlú

Délé ọmọ mi,

Ara wa le, àfi ẹsẹ̀ màmá àgbà tí ó tún wú. A ti wa iṣu tuntun.

Ohun tí ó mú mi kọ ìwé yìí ni pé ẹnìkan tí ó ti Kàbà dé sọ pé òun ń rí ọ ní ìsọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, o kò sì gbé ìpè mi láti ìgbà náà. N kò fẹ́ gbà á gbọ́. Mo bá kó àkọsílẹ̀ ọjà rẹ jáde, èyí tí o máa ń fi bíró pupa fa ìlà sábẹ́ àpapọ̀ owó rẹ̀, láìsọ iye tí múdù kan jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, o ra múdù ẹ̀wà 3 àti gàrí 2 ní ₦9,600; ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀wà 1 àti gàrí 4 ní ₦7,200. Mo pe owó múdù ẹ̀wà ní e, ti gàrí ní g:

3e + 2g = 9,600
e + 4g = 7,200

Mo fi 2 sọ ìlà àkọ́kọ́ di púpọ̀ kí gàrí lè di 4 nínú méjèèjì, ó di 6e + 4g = 19,200; nígbà tí mo yọ ìlà kejì kúrò nínú rẹ̀, gàrí pòórá, ó ku 5e = 12,000. Ẹ̀wà jẹ́ ₦2,400; nígbà tí mo fi í sí ìlà kejì, ó ku 4g = 4,800, gàrí jẹ́ ₦1,200. Ká ní ẹ̀wà 6 àti gàrí 4 ní ₦19,200 ni o kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì ni, ìlà kan náà ni ìbá jẹ́, n kì bá sì rí nǹkan kan dì mú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀wà 2 àti gàrí 2 yẹ kí ó jẹ́ ₦7,200, ìwọ kọ ₦8,700. Ó ṣeé ṣe kí ọjà ti gbówó lórí, nítorí òjò ń ba ọ̀nà jẹ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló gba ₦1,500? Àbí tẹ́tẹ́ náà ni?

Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi irú ìṣirò yìí kọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, bí ìwọ bá sì gbé ìwé tìrẹ wá ní alẹ́, mo máa ń ní ó ti rẹ̀ mí. Ó ń dùn mí. Bóyá lára mi ni o ti kọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí.

Kọ iye owó múdù kọ̀ọ̀kan ti ọ̀sẹ̀ kẹta ránṣẹ́, kì í ṣe àpapọ̀. Bí ó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ kò ní gbọ́ kí èmi àti ìwọ tó jọ sọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.