Kí Ọkọ̀ Akẹ́rù Tó Dé Ẹnu Ọ̀nà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àforítì. Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń gbóná ní ìlú wa nígbàkúùgbà tí ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ń parí lọ, èyíinì ni ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nínú ilé kan lọ sí òmíràn. Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, láti Djassin títí dé Ouando, ẹrù ni ènìyàn yóò máa rí lójú ọ̀nà: bẹ́ẹ̀dì tí a dojú rẹ̀ dé lórí bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, àga tí a fi okùn so pọ̀, ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn zémidjan (ọ̀kadà) tí ó sì gbé agbada ìkòkò sórí itan. Àwọn olùkọ́ tí ìjọba gbé lọ sí ibòmíràn ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun, àwọn òbí ń sún mọ́ ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wọn yóò máa lọ, àwọn mìíràn sì ń kúrò nítorí pé owó ilé ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èmi ni mo ń bójú tó ilé kan tí ẹbí wa fi ń gba ayálégbé, nítorí náà mo ti rí àwọn tí ń wọlé, mo sì ti rí àwọn tí ń jáde. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi oṣù kan gbáko ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rọ́ jọ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ènìyàn kì í sábà bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ilé tí a fẹ́ fi sílẹ̀. Ilé tuntun ni ó máa ń gba ọkàn ẹni. Òun ni a ń lọ wọn fèrèsé rẹ̀ nítorí kọ́tìnì, òun ni a ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ilé àtijọ́, ó di ọjọ́ tí a bá fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà kí a tó rántí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Mo dúró ti ayálégbé kan àti onílé kan ní ẹnu ilẹ̀kùn, nígbà tí wọ́n ti di ẹrù tán tí awakọ̀ sì ń tẹ fèrè, tí wọ́n ń jiyàn lórí gíláàsì fèrèsé méjì. Onílé ní odindi ni òun fi í lé e lọ́wọ́. Ayálégbé búra pé bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ìyàwó ayálégbé ti jókòó nínú ọkọ̀, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, oòrùn sì ń pa ọmọ náà. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì tí ó ní ìwé tí ó lè fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Gíláàsì tí owó díẹ̀ yóò pààrọ̀ ni wọ́n fi ba ìbágbé ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́, onílé sì di owó ìdógò mú.

Ohun tí ó lè pa irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kò nira. Ní ọjọ́ tí ayálégbé bá wọlé, kí òun àti onílé jọ rìn láti yàrá dé yàrá, kí wọ́n kọ ohun tí ó fọ́ àti ohun tí kò fọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́, ilé ìwẹ̀ àti ẹnu ẹ̀rọ omi, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ tí yóò bá jáde, ìwé kan náà ni kí wọ́n tún mú dání rìn, kí ẹrù tó há àwọn yàrá tàbí kí ó tó di pé awakọ̀ ń kánjú. Mo mọ̀ pé àwọn onílé kan máa ń wo ayálégbé tí ó bá béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ó ń wá ẹjọ́. Èmi tí mo jẹ́ aṣojú onílé ni mo ń sọ ọ́ pé ààbò wa ni ìwé náà jẹ́ pẹ̀lú. Ayálégbé tí ó bá sì mọ̀ pé òun yóò lọ, kí ó tètè fi í tó onílé létí nínú lẹ́tà, kí ó má jẹ́ pé ẹnu ọmọ kékeré ni wọn yóò ti gbọ́.

Ti iná àti omi tẹ̀ lé e. Owó tí a bá ti rà sínú mítà iná alásansílẹ̀ kì í bá ènìyàn lọ. Inú mítà náà ni yóò wà, ẹni tí ó bá wọlé lẹ́yìn rẹ ni yóò sì jẹ ẹ́. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa rà á. Omi ti SONEB, ilé-iṣẹ́ omi, àti iná SBEE, ilé-iṣẹ́ iná, fún àwọn tí mítà wọn ṣì jẹ́ ti àtijọ́, ẹ̀yìn tí a bá ti lò ó tán ni ìwé owó rẹ̀ ń dé. Bí ènìyàn bá lọ láìsọ fún wọn, gbèsè yóò dúró ní orúkọ rẹ̀ tàbí ní ọrùn onílé. Nínú àwọn àgbàlá wa tí yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń pín mítà kan, tí mítà kékeré wà fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kí a ya fọ́tò nọ́ńbà tí ó wà lójú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìlọ, kí a pe aládùúgbò kan láti ṣe ẹlẹ́rìí, kí a sì san tiwa kí a tó gbéra.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó kan ìwé ìdílé. Ìwé ìbí àwọn ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ìdánimọ̀, ìwé èsì ilé-ìwé, àdéhùn ilé àti gbogbo rìsíìtì, inú àpò kan ṣoṣo ni kí wọ́n wà, kí àgbàlagbà kan sì gbé e kọ́ èjìká. Kò gbọ́dọ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù rárá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò pààrọ̀ ilé-ìwé, kí ó gba ìwé rẹ̀ kí ilé-ìwé tó ti ìlẹ̀kùn fún ìsinmi, nítorí bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ti rìnrìn àjò, a ó kàn máa lọ máa bọ̀ lásán ni. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kí ó ra èyí tí yóò tó o títí tí yóò fi mọ ilé oògùn ìlú tuntun.

Ọjọ́ tí a ó kó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Òjò kékeré máa ń padà dé ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa bá ń kó lọ kó bọ̀. Tapólì dáadáa ṣe pàtàkì ju okùn lọ. Ọjà ọrọọrún sì ni ọjà Adjarra àti ti Ouando. Ẹni tí kò bá ka ọjọ́ ọjà kí ó tó pe awakọ̀, àárín àwọn alágbẹ̀dẹ, aláta àti ẹlẹ́ja ni yóò ti bá ara rẹ̀ tòun ti àga àti bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí wọ́n ń lọ sí Kétu, tí wọn yóò gba Sakété àti Pobè kọjá, kí wọ́n gbéra ní ìdájí. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń kó sìmẹ́ńtì láti Onígbólò ń lo ọ̀nà yẹn, kò sì dára kí ilẹ̀ ṣú bá ènìyàn lẹ́yìn wọn. Ìdí mìíràn ni pé ojúmọ́mọ́ ni a fi ń to bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀ nínú òkùnkùn rí kò ní bá mi jiyàn.

Owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń ná ní ẹnu ọ̀nà. Kí awakọ̀ wá fojú rí ẹrù, tàbí kí a fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí a sì bi í léèrè bóyá owó àwọn aláàárù wà nínú rẹ̀, ta ni yóò san owó ojú ọ̀nà, èló ni yóò sì gbà bí a bá dá a dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san nígbà kan rí. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, kpayo, ìyẹn epo bẹntiróò tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé láti Nàìjíríà, kò tún jẹ́ epo ọ̀pọ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa, owó ọkọ̀ sì ti tẹ̀ lé e.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ kpayo, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa rẹ̀. Mo máa ń rí i tí àwọn ènìyàn ń ki kẹ́ẹ̀gì epo sí àárín mátírẹ́ẹ̀sì kí ó má baà dàánù. Ìparun ni wọ́n fi ń ṣeré. A kò tíì gbàgbé iná tí ó jó ní ibi tí wọ́n ti ń kó epo pamọ́ sí ní agbègbè Sèmè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 30. Kí a fa epo inú jẹnẹrétọ̀ gbẹ, kí a sì fún aládùúgbò ní èyí tí ó ṣẹ́ kù. Sílíńdà gáàsì náà, kí a pa orí rẹ̀, kí a tú rọ́bà rẹ̀, kí ó wà ní ìdúró, kí a sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. A kì í gbé e sínú ọkọ̀ tí àwọn ọmọ jókòó sí.

Fìríìjì ni ó ń dùn mí jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn bàjẹ́. Ó yẹ kí a ti yọ ọ́ lára iná láti ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí yìnyín rẹ̀ yọ́ tán, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi okùn de ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi yóò máa kán láti inú rẹ̀ sórí tìmùtìmù ní gbogbo ọ̀nà. Ìdúró ni kí ó wà. Epo wà nínú ẹ̀rọ tí ń mú un tutù. Bí a bá dá a dùbúlẹ̀, epo náà yóò ṣàn gba inú àwọn páìpù rẹ̀, bí a bá sì kì í bọ iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a dé, ẹ̀rọ náà lè gbóná kí ó sì kú. Kí a gbé e dúró fún wákàtí bíi mélòó kan kí a tó tan án. Bí ó bá jẹ́ pé ó dùbúlẹ̀ bọ̀ ni, kí ó di ọjọ́ kejì.

Nípa dídi ẹrù fúnra rẹ̀, n kò ní púpọ̀ láti sọ, nítorí àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n ju mí lọ. Ìwé inú páálí kékeré, aṣọ inú páálí ńlá. Kí abọ́ tánńganran dúró lórí etí rẹ̀, kí a má tò ó lé ara wọn, kí a sì fi ìwé ìròyìn wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan (ẹ dárí jì mí, olóòtú, ẹ̀yìn tí a bá ti kà á tán ni). Nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀dì nìkan ni n ó tẹnu mọ́. Inú agolo mílíìkì ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ dé e, kí ẹ sì fi okùn so agolo náà mọ́ igi bẹ́ẹ̀dì gan-an. Ẹni tí ó bá kó wọn sápò ṣòkòtò yóò sùn sórí ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí a kò ní kó lọ, kí a ti pín in fún àwọn ẹbí àti aládùúgbò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú; àwa Yorùbá kì í fẹ́ ju nǹkan nù, a sì ń sanwó ọkọ̀ lórí amóhùnmáwòrán tí ó ti kú láti ayé àná. Ẹrù tí a ó lò lálẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ẹní, tọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ, kòkò kan, omi mímu àti aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ, òun ni kí a dì kẹ́yìn kí ó lè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Olóòtú, ohun tí ó mú mi kọ̀wé gan-an ni mo kù sí báyìí. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Benin lórí ilé ìgbé tí a ń yá, òfin nọ́ńbà 2018-12 ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2018. Òun ni ó sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba owó àsansílẹ̀ ilé tí ó ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, mo ń gbọ́ iye oṣù tí wọ́n ń bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ní àdúgbò wa, àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń lọ yá owó èlé kí wọ́n tó lè kó. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe ṣètò owó ọkọ̀, owó aláàárù àti àtúnṣe ilé, nígbà tí àsansílẹ̀ ti gbé gbogbo rẹ̀ mì? N kò rò pé ìwà ìkà ni ó ń ṣe gbogbo àwọn onílé wa. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tí kò ka èdè Faransé, èdè yẹn nìkan ni a sì fi ń kọ òfin tí wọ́n ń bá pàdé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wá agbẹjọ́rò kan tí ó gbọ́ Yorùbá, kí ó ṣe àlàyé òfin yìí ní abala abala nínú ìwé ìròyìn yín: ti àsansílẹ̀, ti ìdógò, ti ìkìlọ̀ kí a tó lé ayálégbé tàbí kí ayálégbé tó lọ, àti ẹni tí àtúnṣe wà lọ́rùn rẹ̀. Kí ó sì fi àpẹẹrẹ ìwé tí onílé àti ayálégbé lè jọ kún kún un. Bí ó bá jáde ṣáájú oṣù kẹjọ, n ó ra ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí ń gbé ilé wa, n ó sì mú òmíràn lọ sí ìpàdé àwọn àgbà àdúgbò, níbi tí àwọn onílé pọ̀ sí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Àjàṣẹ́