Ẹ̀sùn Lórí Olùkọ́ Tí Ẹ Ṣèlérí àti Àrífín Tí Òṣìṣẹ́ Yín Fi Mí Ṣe

Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Alàgbà,

Àkọsílẹ̀ owó tí mo san àti ẹ̀kọ́ ṣíṣe ìkànnì ayélujára tí mo san án fún wà lọ́wọ́ yín, n kò ní tún un kà. Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ohun tí ojú mi ti rí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín láti ìgbà tí mo ti ń béèrè ohun kan ṣoṣo: kí olùkọ́ tí ẹ ṣèlérí yẹ iṣẹ́ mi wò, kí ó sì sọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó fún mi.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìfẹ̀yìntì mi sì ti ń sún mọ́lé. Ṣíṣe ìkànnì ayélujára ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ kejì, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn. Lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, ni mo ń jókòó ti HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé ayélujára, àti CSS, èyí tí a fi ń ṣètò ìrísí rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni ìkànnì tí mo kó oríkì àwọn ìlú Èkìtì sí. Lórí fóònù àwọn mìíràn, àmì ohùn máa ń já kúrò lórí lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀, tí àpótí kékeré yóò sì gba ipò rẹ̀. Orúkọ Ìkẹ́rẹ́ ni ó ń fara gbá a jù. Mo ti kọ UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, sí orí ojú-ewé náà bí ẹ ṣe kọ́ wa. Mo sì mọ̀ pé “ẹ́” kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ kóòdù fún lẹ́tà onírúurú èdè, pé méjì ni a ń tò tẹ̀léra, àti pé fọ́ǹtì, ìyẹn àwòṣe lẹ́tà, tí a kò ṣe fún un kò lè gbé àmì náà sí ibi tí ó yẹ. Fọ́ǹtì wo ni kí n lò, báwo ni kí n sì ṣe kọ ọ́ sínú CSS kí ó lè dé orí fóònù ẹlòmíràn? Olùkọ́ ni ìbéèrè yìí tọ́ sí.

Àwọn tí ó wà lórí WhatsApp yín ní kí n kọ ímeèlì. Ẹni tí ó dá ímeèlì lóhùn ní kí n padà sí WhatsApp. Ẹnìkan ní olùkọ́ yóò pè mí ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé náà kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, n kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ẹ ráyè fi ìpolówó ẹ̀kọ́ mìíràn ránṣẹ́ sí mi.

Obìnrin tí ó gbé ìpè mi kẹ́yìn ni ó wá dá ọgbẹ́ sí mi lọ́kàn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní: “Bàbá, ẹ yọ àwọn àmì yẹn kúrò jàre, ta ló ń ka Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé ọjọ́ orí yín tiẹ̀ ṣì gba irú iṣẹ́ yìí?” Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ máa ń sọ pé ẹ ń gba ohùn ìpè sílẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ọ. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní kí n yọ ọ́ kúrò ti sọ fún mi pé owó mi nìkan ni ó wúlò fún yín.

Mo fẹ́ kí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yẹ iṣẹ́ mi wò, kí ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Mo fẹ́ kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì. Bí ẹ kò bá ní olùkọ́ kankan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ dá owó mi padà láìyọ kọ́bọ̀. Bí ọjọ́ 14 bá pé tí n kò gbọ́ nǹkan kan, n ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti bá ara wa sọ àti ẹ̀rí owó tí mo san lọ sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, n ó sì gba agbẹjọ́rò. Owó oṣù olùkọ́ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n n ó wá ti agbẹjọ́rò náà rí.

Ẹ lè pè mí láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ títí di aago 9 alẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò lè ka kóòdù pè mí mọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín láti Adó-Èkìtì.