Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, lórí Ìdíje tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Ṣe Rí

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà sì kí ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí a ti gbúròó rẹ kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo sì ti pè ọ́ láàárín ìgbà náà tí o kò gbé fóònù. Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo tún rò pé ara rẹ kò yá, àfi ìgbà tí àbúrò rẹ ṣèèṣì sọ ọ́ nídìí oúnjẹ pé o ti forúkọ sílẹ̀ fún triathlon ọlọ́nà jíjìn, ìdíje tí ènìyàn ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 3.8, tí yóò jáde nínú omi láti gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180, tí yóò sì tún wá sáré kìlómítà 42.2 lé e. Ó ní ìdíje náà jẹ́ tuntun, pé ọdún yìí ni wọn yóò ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, àti pé o ti kìlọ̀ fún òun kí òun má sọ fún mi. Ọmọ náà fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀.

Kí wọ́n má sọ fún bàbá rẹ! Ta ló di ìdí kẹ̀kẹ́ mú fún ọ tí o fi mọ̀ ọ́n gùn? Ta ló dúró nínú òjò ní ọdún tí o kọ́kọ́ sá eré kìlómítà 42.2, tí o dé gbẹ̀yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó bó, tí mo sì gbé bàtà rẹ dání dé ilé? N kò sọ fún ọ nígbà náà pé kí o má sáré. Kẹ̀kẹ́ kò bà mí lẹ́rù, eré sísá kò sì bà mí lẹ́rù. Omi ni, Àbẹ̀kẹ́. Omi tí o máa kọ́kọ́ wọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo ti fi òru mẹ́jọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń ka ohun gbogbo tí ojú mi lè tó nípa eré yìí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ìdíje tuntun kò ní ìtàn tí a lè yẹ̀ wò. Èyí tó ti pẹ́, àbájáde ọdún púpọ̀ wà níbẹ̀: o lè ka iye ẹni tó wọ omi àti iye ẹni tó jáde kí gbèdéke àkókò tó pé, o sì lè rí ọdún tí gbogbo ènìyàn pẹ́ nínú omi nítorí pé ìgbì kọ̀ fún wọn. Èyí tí o yàn, àwòrán ọ̀nà nìkan ni wọ́n fi síta, wọ́n sì fi àwọ̀ búlúù kun omi inú rẹ̀ tó fi dùn ún wò. Àwọ̀ búlúù kò sọ ibi tí omi ń ṣàn sí fún ènìyàn, kò sì sọ bí ó ti tutù tó.

Ǹjẹ́ o béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ọ̀nà àti àwọn tó ni omi kí wọ́n tó gba owó rẹ, àbí wọ́n ṣì ń wá a? Ǹjẹ́ àjọ triathlon orílẹ̀-èdè ibẹ̀ fọwọ́ sí i? Tí wọ́n bá fagi lé e, ṣé wọn yóò dá owó padà ni, àbí wọn yóò sọ pé kí o dúró di ọdún tó ń bọ̀? Ìyẹn kò lè pa ènìyàn, owó ni, owó a sì tún máa wá. Ti omi ni kí o béèrè títí yóò fi sú wọn. Béèrè iye ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa ṣọ́ yín, àti bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì. Béèrè bóyá gbogbo yín ni yóò bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹsẹ̀ yóò máa gbá ẹsẹ̀, tàbí wọn yóò máa jẹ́ kí ènìyàn díẹ̀díẹ̀ wọlé. Béèrè ohun tí wọn yóò ṣe tí afẹ́fẹ́ bá dé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà: ṣé wọn yóò gé ìlúwẹ̀ẹ́ náà kúrú, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ sáré kí ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ nìkan? Olùṣètò tí kò bá ní èsì sí èyí kò tíì múra sílẹ̀. Má sì gbọ́kàn lé aṣọ rọ́bà tó ń gbé ènìyàn léfòó, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ìdíje gígùn, tí omi bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 24.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn kì í gbà kí ẹni tó ń du ipò wọ̀ ọ́. Omi tí wọn kò tíì wọn rí ní òwúrọ̀ ìdíje, ta ló mọ ìwọ̀n tí yóò wà?

Kí n tó gbàgbé, wọ́n ti tún àjà yàrá rẹ tó ń jò ṣe. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, àbúrò rẹ sì yege nínú ìdánwò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi gbogbo ọkàn kà á.

Mo bi àbúrò rẹ bí o ṣe ń yára tó nínú omi. Ó ní kìlómítà kan ń gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 33. Mo mú ìwé, mo sì ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 33 lọ́nà 3.8 jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú irú ìdíje yìí ló jẹ́ pé wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún omi, nínú wákàtí 17 tí wọ́n fún gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọ kò tó ìṣẹ́jú 15. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sì ni ìṣẹ́jú 33 yẹn ti wá, níbi tí ilà dúdú wà nísàlẹ̀ láti tọ́ ọ sọ́nà, tí ògiri sì wà ní ìpẹ̀kun tí o ń fẹsẹ̀ tì. Omi gbangba kò ní ilà, kò sì ní ògiri. Ènìyàn a yà bàrá sọ́tùn-ún, a tún yà bàrá sósì, kìlómítà 3.8 a sì di mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wá rí i pé àkókò ń lọ a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá wẹ̀, èémí a sì gé. Ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń dé ní òru tí n kò ní lè kọjá.

Àwọn dókítà tó ṣe ìwádìí ikú òjijì nínú eré yìí ní Amẹ́ríkà láti 1985 títí dé 2016 rí i pé inú omi ni èyí tó pọ̀ jù ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́, kì í sì í ṣe níbi eré sísá. O máa dá mi lóhùn pé àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni ewu náà pọ̀ sí jù, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀ lọ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn rẹ wò, kì í ṣe nítorí ìdíje náà, nítorí tèmi. Àwọn àgbà sọ pé òmùwẹ̀ ní í bá odò lọ. Bẹ́ẹ̀ ìwọ kò tíì di òmùwẹ̀, ọdún méjì péré lo fi mọ̀ ọ́n.

Má bínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn le. Ọmọ tó kọ́ ohun tuntun lẹ́yìn tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ń jí ní aago márùn-ún ìdájí láti lọ kọ́ ọ láàárín àwọn ọmọdé, ìyìn ló yẹ ẹ́, mo sì yìn ọ́. Inú mi dùn sí ọ débi pé n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ láìdà á pọ̀ mọ́ ìbínú.

Mo tún kà nípa bí èyí tí wọ́n ń pè ní Ironman ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1978, torí mo fẹ́ mọ bí ìdíje tuntun ṣe máa ń rí. Ènìyàn 15 ló gbéra, 12 ló parí rẹ̀. Gordon Haller ló ṣíwájú, ó lo wákàtí 11, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 58. Kò sí ibùdó omi lójú ọ̀nà, oníkálukú ló mú àwọn tí yóò ràn án lọ́wọ́ wá, nígbà tí omi sì tán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn John Dunbar, ọtí bíà ni wọ́n fún un mu, ipò kejì ló sì ṣe. Ohun tó mú mi dúró lórí ìtàn náà nìyí: àkópọ̀ rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tuntun. Ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣe jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn ti ń fi díje ní etíkun Waikiki láti ọdún bí i mélòó kan, ìdíje kẹ̀kẹ́ wà fún ọ̀nà tí wọ́n gùn, eré sísá kìlómítà 42.2 ti Honolulu náà sì ti wà. Ìdíje lè jẹ́ tuntun kí omi rẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó. Nítorí náà, wá àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí o fẹ́ wọ̀ yẹn rí. Má bi olùṣètò, ọjà ló ń tà. Bi ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ní àárọ̀ lásán, tí kò ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì bá a wọ̀ ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé.

Mo rí àwòrán Julie Moss, obìnrin kan tó díje nínú Ironman yìí ní ọdún 1982, pẹ̀lú, bó ṣe ṣubú nígbà tí òpin ìdíje ti wà níwájú rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ àti orúnkún rákò kọjá ilà lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti ré e kọjá. Gbogbo ayé ń yìn ín. Ojú rẹ ni mo rí ní ọrùn rẹ̀, mo sì pa kọ̀ǹpútà náà. Má mu omi ju bó ti yẹ lọ lórí kẹ̀kẹ́, mo gbọ́ pé àmujù rẹ̀ a máa dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù títí ènìyàn yóò fi dákú. O rí i, mo tún ti padà sórí omi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ọ tipẹ́. O rántí ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí o lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì péré. Mo sọ fún ọ pé àyè ti kún, pé wọn yóò pè wá tí àyè bá tún ṣí sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ní ọjọ́ kejì yẹn, mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, fìlà rọ́bà aláwọ̀ kan náà ni wọ́n dé fún gbogbo yín, nígbà tí olùkọ́ sì ní kí ẹ ri orí yín bọ inú omi, ẹ rì í papọ̀, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ nínú wọn. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, mo di ògiri mú. Kò sí ẹni tó bómi lọ rí nínú ìdílé wa tí n bá fi ṣe àwáwí. Ẹ̀rù ara mi lásán ni. Fún bí ọdún kan, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, o máa ń bi mí bóyá wọ́n ti pè, mo sì máa ń sọ pé wọn kò tíì pè. Nígbà tó yá o kò béèrè mọ́, ara sì tù mí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù báyìí, pé ara tù mí.

Nítorí náà, tèmi ni ìṣẹ́jú 33 yẹn, kì í ṣe tìrẹ. Ká ní mo jẹ́ kí o kọ́ ọ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, n kò ní máa ṣírò ìṣẹ́jú 15 lóru. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà yìí bí àṣẹ pé kí o gba owó rẹ padà, kí o kọ́kọ́ lọ ṣe ìdajì rẹ̀ níbi tó ti pẹ́, kìlómítà 1.9 nínú omi, 90 lórí kẹ̀kẹ́ àti 21.1 lórí ẹsẹ̀, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo ṣì rò pé ìyẹn ló dára jù. Ṣùgbọ́n mo ti fi irọ́ mú ọ jáde nínú omi rí, n kò ní fi àṣẹ mú ọ jáde lẹ́ẹ̀kejì. Tí o bá ti béèrè gbogbo ohun tí mo kọ wọ̀nyí, tí èsì wọn sì tẹ́ ọ lọ́rùn, lọ.

Jẹ́ kí n wá. N kò ní sọ̀rọ̀, n kò sì ní da ọkàn rẹ láàmú, etí omi ni n óò dúró sí títí o fi jáde. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń pín fìlà fún yín, oríṣiríṣi àwọ̀, ní ìpele ìpele. Tí wọ́n bá ti fún ọ ní tìrẹ, pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó pẹ́ tó, kí o sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ